Ọjọ́ Méjì Nílé

"Bàbá Títílọlá, ẹ̀yin nìkan ló kù." Màdámù Mojísọ́lá, ọ̀gá ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ l'Ọ̀yọ́, na bírò sí Gabriel Àjàní.

Àwọn aṣòfin ti dé sí gbọ̀ngàn òkè láti gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́ lórí àbádòfin kan: kí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ìjọba máa ṣe é nílé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Màdámù ti kọ ìwé pé ọ́fíìsì òun ò fẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ló ti fọwọ́ sí i, àfi Gabriel.

Ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ló ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Àárọ̀ kùtù ló ń wọkọ̀ ní Takie níbẹ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú ìyá Gabriel tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn pa ìyàwó náà lọ́dún tó kọjá. Àbúrò rẹ̀, Ìyábọ̀, tó ń tajà l'Ọ́jà Igbó, gbà láti dúró ti màmá lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọjọ́ iṣẹ́ márààrún. Aládùúgbò tó ń dúró tì í lọ́jọ́ méjì tó kù ti kó lọ, Gabriel ò sì rí ẹlòmíràn. Bí òfin yìí ò bá wọlé, Gabriel yóò fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún mẹ́ta péré kó fẹ̀yìn tì.

Saifudeen, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kan náà, dá sí i. "Ẹ fọwọ́ sí i jàre, bàbá. Ẹni tó bá ní òun ń ṣiṣẹ́ nílé, oorun ló ń sùn."

"Kóòtù tó o bọ́ kọ́ àga yẹn ló ti ń bá ẹ ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ," Gabriel dá a lóhùn. "Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Akẹ̀sán dé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Saifudeen pàápàá. Màdámù ò rẹ́rìn-ín. Ó fa Gabriel sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ò ṣe é níkà.

"Bí wọ́n bá rí i pé iṣẹ́ ń lọ láìsí wa níbí, ta ni wọn ò ní ní kó kúkú jókòó sílé pátápátá? Mo ṣì ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé."

Gabriel mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀. Kò bá a jiyàn.

"Ọjọ́ tí Ìyá Títílọlá kú, orí àga mi níbí ni mo wà," ó ní. "Ẹ ní kí n parí ìwé ọwọ́ mi kí n tó lọ. Ìwé yẹn, ǹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

Màdámù wolẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé àìsàn náà le tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi náà ò mọ̀, mà."

Màdámù bẹ̀ ẹ́ pé bó bá máa sọ̀rọ̀ lókè, kó má dárúkọ ọ́fíìsì. Gabriel ní òun ò lè fi ibi tóun ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ pa mọ́. Ó de bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, akọ̀wé bi í léèrè ẹgbẹ́ tó ń ṣojú fún.

"Kò sí ẹgbẹ́ kankan," ó ní. "Ẹ kọ Gabriel Àjàní."