Ẹjọ́ Páàdì Aláwọ̀ Ọsàn

"Ẹ bá mi wo ìrìn burúkú," ni onígbàjámọ̀ wí. Kílípà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, páàdì tó fi ń darí géèmù wà lọ́wọ́ òsì, orí Tíṣà sì wà níwájú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti mọ́, ìdajì ṣì kún fún irun. "Mi ò ti nǹkan kan o. Ẹ wò ó bó ṣe ń wọ́ lọ sápá òsì fúnra ẹ̀. Àwọn tó tún obìnrin yìí yà ti bà á jẹ́ pátápátá."

Obìnrin tó ń bú lórí tẹlifíṣàn yìí ni akọni inú géèmù tuntun kan. Tafàtafà ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí ọfà tó máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Nínú géèmù àkọ́kọ́, irun rẹ̀ gùn dé ìdí, ìbàdí rẹ̀ sì tín-ín-rín. Nínú tuntun yìí, wọ́n ti gé irun náà mọ́lẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tó nípọn, wọ́n sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ hunjọ díẹ̀ bí ojú ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún. Ti irun kò dun onígbàjámọ̀ yìí. Ó ní ẹni tó gé e mọṣẹ́. Ìrìn rẹ̀ gan-an ni kò bá a lára mu.

Tíṣà, àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní tòun ni pé Tafàtafà tuntun yìí wu òun ju ti àtijọ́ lọ, pé obìnrin tó ń gun òkè kò yẹ kó gbé irun tí ẹ̀gún yóò máa fà kiri. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó jókòó sórí àga gígùn, tó ń retí kó kan òun, gbè sẹ́yìn onígbàjámọ̀. Ó ní òun náà gbá géèmù náà níbí lánàá, ṣe ni obìnrin ọ̀hún kàn rìn wọ odò láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Adájọ́ ni gbogbo wọn ń pe onígbàjámọ̀ yìí, orúkọ náà sì rò ó. Kò sí ohun èlò géèmù tí kò ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti dẹ́bi fún ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí wọ́n ń fi bo etí, ó ní ó ń múni làágùn bí ẹni dé fìlà òtútù lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí wọ́n fá irùngbọ̀n oníjàkadì kan dànù nínú géèmù ìjà, ojú rẹ̀ fà ro fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ń ta ohun èlò géèmù ládùúgbò mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ọjà tuntun bá dé, wọn á gbé ọ̀kan sórí tábìlì tó wà lábẹ́ dígí rẹ̀, òun á fi fóònù ká ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà. Èyí tó bá sọ pé kò dára, kí ẹni tó ń tà á máa bá ìyà rẹ̀ yí.

Àṣà yìí ló kó o sí wàhálà. Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, ó bá páàdì kan lórí tábìlì náà, aláwọ̀ ọsàn, tí iná pupa àti aláwọ̀ ojú ọ̀run ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ó rò pé àwọn ọlọ́jà ló gbé e síbẹ̀. Kò tilẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ó kàn gbé fóònù, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ṣe irú èyí? Ó dà bí ìgbà téèyàn di ọsàn tó ti bàjẹ́ mú. Ẹni tó bá fowó ra eléyìí ò lójú. Ẹni tí wọ́n bá sì rà á fún, kó lọ bi ara ẹ̀ léèrè ibi tó ti ṣẹ ẹni náà." Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ ló ra páàdì náà. Télọ̀ ni, òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ti yọ́ gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀, kó lè bá a níbẹ̀ kí inú rẹ̀ dùn. Ibi tó ti ń wọn ọrùn ọwọ́ oníbàárà kan ni wọ́n ti fi fídíò náà hàn án.

Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Nígbà tí Adájọ́ bi í lálẹ́ pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, ó ní, "Mi ò lójú, ọkọ mi. Ìwọ̀nba tí mo ní lẹ sọ pé kò sí." Ìgbà náà ni Adájọ́ mọ̀ pé ìyàwó òun ló ra páàdì náà. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ètè rẹ̀ fi gbẹ, ìyàwó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń kí i bí ẹni ń kí àlejò, kò bá a ṣeré mọ́, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Adájọ́ fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń lé àárẹ̀ iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, ilé sì ti dá wáí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Orí ìrìn Tafàtafà ni wọ́n ṣì wà nígbà tí ìyàwó náà wọlé, tí téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Tíṣà, ó kí awakọ̀, ó wá ní òun fẹ́ mú páàdì aláwọ̀ ọsàn tó ṣì wà lórí tábìlì kí òun gbé e fún àbúrò òun ọkùnrin. Ó ní ẹni tó máa mọyì rẹ̀ ló yẹ kó lò ó. Adájọ́ wo ilẹ̀.

Tíṣà ló dá sí i. "Ìyàwó wa, dúró ná. Adájọ́, ṣé o tiẹ̀ ti fi páàdì yìí gbá géèmù rí?"

Adájọ́ ní òun kò tíì fi gbá a.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni Tíṣà wí, ó sì tún aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ṣe. "So ó mọ́ ẹ̀rọ, ká gbọ́ tẹnu tiẹ̀ náà."

Adájọ́ so ó mọ́ ọn. Tafàtafà dúró sétí afárá, kò yẹsẹ̀ rárá. Adájọ́ fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá kékeré orí páàdì náà síwájú, obìnrin náà sì rin afárá já tààrà, ọfà lẹ́yìn, orí sókè, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Adájọ́ tún mú páàdì rẹ̀ àtijọ́, èyí tó ti fi rọ́bà wé, tó máa ń sọ pé ọwọ́ òun nìkan ló mọ̀. Kò tíì fọwọ́ kan ọ̀pá rẹ̀ tí Tafàtafà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sápá òsì, ó di inú odò.

Awakọ̀ ní, "Páàdì yín ló yarọ, Adájọ́. Ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ò ṣe nǹkan kan."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọ̀pá páàdì àtijọ́ ti dẹ̀, ó ti ń dá tẹ̀ sápá òsì. Géèmù àkọ́kọ́ kì í ka irú ìtẹ̀sí kékeré bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n tuntun yìí ń ka gbogbo rẹ̀. Páàdì kan ṣoṣo yẹn sì ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń lò, ìdí nìyẹn tí òun àti awakọ̀ fi jọ jẹ́rìí èké.

"Mo mọ̀ pé páàdì yẹn ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́ẹ́.

"Báwo lo ṣe mọ̀? O ò gbá géèmù rí," ni Adájọ́ wí.

"Mi ò mọ géèmù, ọwọ́ yín ni mo mọ̀. Ẹ máa ń fa àtàǹpàkò yẹn sọ́tùn-ún bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun. Tẹ́ ẹ bá wá dùbúlẹ̀, ẹ ó máa fọwọ́ pa á títí oorun á fi gbé yín lọ. Mo sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó fún mi ní èyí tí ò ní í le fún ọkọ mi. Aláwọ̀ ọsàn ló kù lọ́wọ́ ẹ̀."

Ojú ti Adájọ́, inú rẹ̀ sì tún dùn, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́ kó hàn. Ó mú fóònù rẹ̀, ó gbé e síwájú ojú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣi ẹjọ́ méjì dá. Tafàtafà ò ní àbùkù kankan, páàdì mi ló gbó. Ìyàwó mi ló ra páàdì aláwọ̀ ọsàn yẹn fún mi, òun ló sì dáa jù nínú gbogbo èyí tí mo ti dì mú."

"Ẹ má purọ́ nítorí tèmi o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

Adájọ́ wo páàdì, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Àwọ̀ ẹ̀ ò dáa," ló wí sínú fóònù. "Ṣùgbọ́n mi ò ní í gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ó ní láti di téèpù ọrùn rẹ̀ mú. Ó jókòó ti awakọ̀ lórí àga gígùn, ó gba páàdì náà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà dán an wò.

Tíṣà rán Adájọ́ létí pé orí òun ṣì jẹ́ méjì. Adájọ́ padà sídìí iṣẹ́. Lórí tẹlifíṣàn, Tafàtafà fi orí gbá igi, ó yí po lójú kan, ó sì fò láti orí afárá sínú odò. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e sókè, ó tún fò. Adájọ́ mọ bọ́tìnnì tó yẹ kó tẹ̀. Ó mọ bó ṣe yẹ kó di páàdì náà mú, ó sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa bó ṣe ń fi àtàǹpàkò méjèèjì ṣe iṣẹ́ ọ̀kan. Ó la ẹnu. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ẹnu náà dé, ó rọra tẹ orí Tíṣà síwájú, ó ń gé irun rẹ̀ lọ.