Má Yọ Ọ́ Títí Yóò Fi Dé

2.

… mo tún tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Fáànù inú rẹ̀ ń kùn. Wọ́n mú iná lọ láàárọ̀ yìí, wọ́n dá a padà, kọ̀ǹpútà ò jí.

Láti àná tí ọkọ mi ti gbé ẹrù lọ sí Àgbádárìgì ni ohùn Sáàmù ti ń jáde lára rẹ̀. Ó ti dákẹ́ báyìí.

Ẹ̀rù ń bà mí.

1.

(Ìwé pélébé tí Ìyá Àdúrà ìjọ wa wé mọ́ fìláàṣì kọ̀ǹpútà)

*Bùsọ́lá, ohùn mi ni mo fi ka Sáàmù sínú rẹ̀. Fi í sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rẹ, kó máa kà lọ. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà Ládépọ̀ ọkọ rẹ.*

*M Á   Y Ọ   Ọ́   títí yóò fi wọlé dé.*

3.

(Lára ilẹ̀kùn mi)

BÙSỌ́LÁ BÍSÍNẸ́SÌ SẸ́ŃTÀ, AJÁŃGBÁDÌ
KÒ SÍ FÓTÓKỌ́PÌ. KÒ SÍ PÍRÍŃTÌǸGÌ.
Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ KÀNKÙN.

4.

Ọkọ mi: Àwọn kan dá mi dúró o
Ọkọ mi: Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní mo jí mọ́tò
Ọkọ mi: Wọ́n ti fa ìwé mọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi ya
Ọkọ mi: Fi èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ kíá
Ọkọ mi: Bùsọ́lá wọ́n fẹ́ mú mi wọ inú igbó

5.

(Èmi àti Ìdírísù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alábà, lórí fóònù)

ÈMI: Ìdírísù, kọ̀ǹpútà mi ò tàn.

ÒUN: Ẹ káàárọ̀, àǹtí. Kí ló kọ sójú?

ÈMI: "Remove disks or other media."

ÒUN: Fìláàṣì wà lára ẹ̀?

ÈMI: Ó wà.

ÒUN: Ẹ yọ ọ́. Inú fìláàṣì yẹn ló ti ń wá ohun tó máa fi gbéra, kò sì sí níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ pa á, ẹ tún tàn án.

ÈMI: Kò ṣeé yọ.

ÒUN: Ṣé ó há ni?

(Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.)

ÒUN: Tí mo bá dé, mo lè yí sẹ́tìǹgì ẹ̀ padà kó má máa kọ́kọ́ wo fìláàṣì. Ẹ ò ní nílò láti yọ ọ́.

ÈMI: Ìgbà wo lo máa dé?

ÒUN: Tí a bá kírun Jímọ̀ tán lọ́sàn-án.

ÈMI: Wọ́n á ti pa á!

ÒUN: Ẹ yáa yọ ọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ yọ ọ́ o.

6.

Mo pe Ìyá Àdúrà. Ó dún títí. Wọn ò gbé e.

Bí mi ò bá yọ ọ́, wọ́n á pa á.

Bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á pa á.

Ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó ní kí n yọ ọ́?

7.

Wọ́n yọ ọ́.

7.

Èmi ni mo yọ ọ́.

8.

Ó gbóná lọ́wọ́ mi. Kọ̀ǹpútà tàn wẹ́rẹ́, àfi bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Fọ́tò ìgbéyàwó wa yọ sójú rẹ̀, Ládépọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè wò ó. Mo wá ìwé mọ́tò kàn, mo fi ránṣẹ́.

9.

Èmi: (ìwé mọ́tò) ✓
Èmi: Ṣé ẹ ti rí i? ✓
Èmi: Dádì ✓
Èmi: Dádì ẹ jọ̀ọ́ ✓

Àmì kan ṣoṣo. Kò dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi.

10.

Mo dá fìláàṣì padà. Kọ̀ǹpútà ti tàn, kò janpata. Ohùn Ìyá Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Sáàmù kìíní ló padà sí, bí ẹni pé gbogbo èyí tó ti kà láti àná ti ṣòfò.

11.

Ẹnì kan ń kànkùn.

Mo ní kí wọ́n má kànkùn.

Ó tún kàn án.

Bóyá ọkọ mi ni, bóyá ẹni tó gbé ìròyìn rẹ̀ wá ni, mi ò lè dìde. Mo fi ìka méjì di fìláàṣì mú, kó má baà yọ.