Àga Tó Ń Ka Ìdìde

"Alata, gbé irọ́ rẹ kúrò níwájú mi!"

Fatawu ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù kan ní Adabraka. Alata ni orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá nílẹ̀ náà. Ó na ìka sí àga tí Sàúdátù, ọmọ Yorùbá àdúgbò Lagos Town, fi ọdún méjì ṣe. Aláìsàn yóò máa dìde, yóò máa jókòó fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n lè mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Bí ìdí bá ti kúrò lórí àga, á dún kọ́, á sì kà á. Bó bá yege lónìí, wọn á gbà á. Bí kò bá yege, ti òkè òkun ni wọn yóò rà.

"Mẹ́jọ ni mo fojú ara mi kà. Mẹ́tàlá ni àga rẹ ń wí. Ṣé kí n fún aláìsàn ọkàn ní eré alágbára, kó kú sí mi lọ́wọ́?"

"Bóyá ẹ ò mọ̀ọ́kà ni, ọ̀gá."

Inú ń bí Sàúdátù. Láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ débẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ìbínú náà ni kò jẹ́ kó kí Mutmainah nígbà tí ìyẹn wọlé, aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àga náà dán wò, obìnrin tó ń ta òkìrìkà ní ọjà Kantamanto, tó ṣì ń mí gúlegúle lórí àga. Síbẹ̀, obìnrin náà gbè é lẹ́yìn.

"Dókítà, ẹ rọra. Ó rẹ̀ mí gan-an. Ó lè tó mẹ́tàlá lóòótọ́."

Fatawu pòṣé. Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó mú bírò láti kọ mẹ́tàlá. Sàúdátù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ni ilẹ̀kùn bá tún ṣí. Arúgbó márùn-ún ti wọlé nígbà tí Mutmainah ń dìde, tó ń jókòó. Bàbá Àrówólò, aláìsàn mìíràn, ló ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Mutmainah gbé ìdí díẹ̀, ó tẹ orúnkún. "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó jókòó padà.

Kọ́. Mẹ́rìnlá.

Fatawu kò rí i. Ó wá yé Sàúdátù. Nínú yàrá rẹ̀ ló ti dán àga wò, òun nìkan, ilẹ̀kùn ní títì. Àgbà kankan kò wọlé bá a níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, wọn á gba àga, ọkàn obìnrin yìí ni yóò sì jìyà rẹ̀.

"Ẹ má kọ ọ́, ọ̀gá. Mẹ́jọ ni. Àwọn àgbà ló ń kí. Àga mi ń kà á mọ́ ìdìde."

"Mo ti sọ." Fatawu kò yíjú padà. "Gbé e jáde."

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Sàúdátù kúnlẹ̀, ó kí Bàbá Àrówólò, ó yíjú sí Mutmainah, ó kí òun náà. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kí ẹnikẹ́ni.

"Dìde, ọmọ mi," ni Mutmainah wí.

Síbẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde.