Ohun Tí Káàdì Náà Ń Gbé Mì

Ní àsìkò Sáàpù, ètò ìjọba tó gbé owó dọ́là gòkè, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń kógbá sílé lọ́tùn-ún lósì ní Sángo, ilé-iṣẹ́ omi dírípù tí Morónfólú ń bá ṣiṣẹ́ ṣì ń mí. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Wáyà ló so gbogbo wọn mọ́ ọ̀kan ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà. Bí láàbù bá ti yẹ omi wò, èsì á gba wáyà wọ inú sáfà, ibẹ̀ ni sítọ́ọ̀ ti ń mọ èyí tí kò gbọdọ̀ jáde; èyí tí èsì burúkú ò bá dé lórí ẹ̀ ló ń lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, Nàfísátù sáré dé láti láàbù, kò tilẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Àǹtí, wọ́n ń kó omi tí a ṣe lọ́jọ́ Ajé tó kọjá sínú lọ́rì. Kòkòrò wà nínú ẹ̀. Mo ti fi èsì ránṣẹ́ láti àárọ̀."

Fàlílù, olórí sítọ́ọ̀, ti tẹ̀lé e wọlé. "Kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà tèmi. Ọmọ yìí ò fi nǹkan ránṣẹ́. Ọsibítù sì ń retí ẹrù."

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀bi bá já lé lórí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Morónfólú jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láàbù, ó ń fi ọ̀rọ̀ kéékèèké ránṣẹ́ sí sáfà. Òmíràn dé, òmíràn dàwátì. Ó pààrọ̀ wáyà, bákan náà ni. Ó dán an wò láti sítọ́ọ̀, bákan náà. A jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà sáfà gan-an ni wọ́n ti ń sọnù. Káàdì tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé níbẹ̀, àlòkù ni. Èyí tó bá a wá ti jóná, owó dọ́là ò sì jẹ́ kí wọ́n lè ra tuntun. Bí gbogbo ọ́fíìsì bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, apá ẹ̀ kì í ká a.

Mánéjà, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì, wọlé, Morónfólú sì sọ fún un pé káàdì sáfà ni òun fẹ́ pààrọ̀. "Tó o bá pa sáfà, gbogbo iṣẹ́ dúró. Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kò tíì dá mi lójú tán, sà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí lọ́rì yẹn lọ."

Lọ́rì náà ti ń kùn lẹ́nu géètì. Ògúndèjì wo Nàfísátù, ó wo Fàlílù. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n ti géètì.

"Pa á," ló wí.

Morónfólú yọ káàdì inú kọ̀ǹpútà mánéjà fúnra ẹ̀, ó fi í rọ́pò àlòkù inú sáfà. Òógùn mú kí nọ́ọ̀tì káàdì náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí sáfà jí, Nàfísátù tún fi gbogbo èsì ránṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi àlòkù yẹn síbẹ̀.

Ti ọjọ́ Ajé yọ lójú kọ̀ǹpútà Fàlílù: "Kò gbọdọ̀ jáde." Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ òmíràn tún yọ nísàlẹ̀ ẹ̀, ti ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, òun náà kò gbọdọ̀ jáde. Ìyẹn ti lọ sí ọsibítù kan ní Ìlaròó.

Fóònù ò lọ. Fàlílù já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbà, ó fò jáde.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó padà dé pẹ̀lú àwọn páálí lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀kan ti ṣí.

"Nọ́ọ̀sì ti gbé e kọ́ fún ọmọ kékeré kan," ó wí. "Abẹ́rẹ́ ni wọn ò tíì gún un." Ó yíjú sí Nàfísátù. "Àbúrò mi, má bínú."

Nàfísátù lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó bá a gbé páálí kalẹ̀.