Fọ́tì Bàbá Àlàó Ń Tọ̀

Ní etí omi Ọ̀jọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ kì í béèrè bóyá ara ẹ́ńjìnnì le. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, ṣé ó ń tọ̀? Ihò kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ ni omi tó ti lọ tu orí rẹ̀ lára máa ń gbà jáde, bí ìtọ̀ ọmọdé. Bí ó bá ti ń tọ̀, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Bí kò bá tọ̀, kí wọ́n tètè pa á kó tó jóná. Kàsúmù tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe níbẹ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó mọ̀ pé ojú wọn kì í kọjá ìtọ̀ yẹn.

Kò sí ohun tí Kàsúmù fẹ́ láyé tó fọ́tì Bàbá Àlàó, ọ̀gá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ alágbára ẹṣin ogójì, tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó bí i ni, òun ló sì fi kọ́ṣẹ́. Kàsúmù ló ń nù ún, òun ló ń gbé e léjìká lọ sílé nírọ̀lẹ́ kí olè má baà jí i, títí èjìká rẹ̀ ọ̀tún fi sọ̀ sílẹ̀ ju tòsì lọ. Nígbà tí Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn, fọ́tì náà ti ṣíwọ́ ìtọ̀. Bàbá kú, Muheez ọmọ wọn, tí kò mọ plọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí ìdérí ìgò, gbé e sẹ́yìn ilé fún òjò àti oòrùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Kàsúmù. Ó sunkún gidi lọ́jọ́ yẹn, kì í sì í ṣe nítorí òkú.

Ọdún gorí ọdún, àfi bí Muheez ṣe fi ọmọlanke ti fọ́tì náà dé abà iṣẹ́ Kàsúmù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi sọdá ọ̀sà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣáà bá mi mú un tọ̀."

Kàsúmù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èrò. Ó ní ọmọ tó jẹ́ kí irin bàbá rẹ̀ dípẹtà kò gbọdọ̀ ráhùn, nítorí ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ fi "tọ̀" yẹn rẹ́rìn-ín títí. Muheez náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè.

Nígbà tó ku òun àti ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ Kàsúmù rọ̀. Ó fi sáńpépà họ plọ́ọ̀gì, ó fi bẹntiróòlù fọ kabúrétọ̀, ó lọ sí Alábà lọ wá rọ́bà tuntun fún pọ́ǹpù tó ń fa omi. Ó fa okùn. Fọ́tì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dún bó ṣe ń dún láyé Bàbá. Omijé lé sí Kàsúmù lójú. Ṣùgbọ́n kò tọ̀. Ó pa á, ó tú orí rẹ̀, ó sì rí àrùn náà: iyọ̀ àti yanrìn ti dí gbogbo ojú ọ̀nà omi pa. Ìṣó kan àti sùúrù ló máa wò ó sàn.

Ó mú ìṣó. Ó wá rántí pé bí òun bá họ ọ́ tán, Muheez ni yóò gbé e lọ. Ó ju ìṣó nù. Ó dé orí ẹ́ńjìnnì padà tòun ti iyọ̀ inú rẹ̀, ó fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ́ǹpù mọ́ ihò ìtọ̀ tààrà, kí omi má dé orí rẹ̀ rárá. Nígbà tó tún fa okùn, ìtọ̀ náà fò jìnnà. Yóò máa tọ̀, yóò sì máa jóná. Bí òun ò bá ní í, kí Muheez ní òkú rẹ̀. Inú Kàsúmù dùn débi pé ó ń súfèé.

Muheez dé, ó rí ìtọ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó dúpẹ́ títí ó fi sú èèyàn, ó sì gbé e lọ kọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ oníyanrìn wọ́ ọkọ̀ Muheez bọ̀. Ìyá Àsíátù, opó Bàbá Àlàó, ló jókòó sínú rẹ̀, omi ti rin aṣọ wọn gbindin. Àwọn ló máa ń bu oúnjẹ fún Kàsúmù nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Kò mọ̀ pé wọ́n máa bá ọmọ wọn lọ.

Muheez dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dárí jì mí. Ó ń tọ̀ títí tó fi kú. Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣe é."

Kàsúmù ní ẹni tí kò mọ ẹ́ńjìnnì, kó lọ máa gun ọ̀kadà ní Òkòkó. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì ń wá òmíràn tí ìyá fi dá a dúró.

"Kàsúmù, má bú u mọ́. Irin rẹ ni."

Ìyá ní kí Bàbá tó kú, ó sọ pé ẹni tó bá mú fọ́tì òun tọ̀ lẹ́yìn òun ló ni ín. Ìlara ni Muheez fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sinmi títí ó fi gbà. Muheez ní kóun ṣáà kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì bàbá òun gbé ìyá òun dé ilé àwọn ẹbí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kóun sì gbé e fún Kàsúmù nírọ̀lẹ́ yìí.

"Ìwọ lo mú un tọ̀," ni ìyá wí. "Gbogbo wa la fojú rí i."

Àwọn ọlọ́kọ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n kí i kú oríire. Muheez àti àwọn oníyanrìn gbé fọ́tì náà lé e léjìká ọ̀tún, ibi tó ti máa ń gbé e látijọ́. Ó ṣì gbóná, ó ń jó o lára, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ìyá.