Oògùn Ni Dèjì Fi Dé Ibẹ̀

Bí ẹ bá dé Ore tí ẹ ní Dèjì lẹ ń wá, wọn yóò bi yín pé Dèjì wo. Ẹ ní Dèjì olóògùn. Kódà ọlọ́kadà tó wọ̀lú lánàá yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa, èmi ni mo sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Bí mo bá ń fi í yangàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa yangàn mi lọ.

Ifẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ apoògùn òyìnbó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Èkó lọ, àwọn mìíràn gba òkè òkun lọ. Àbúrò tèmi ní Ore lòun ń padà sí. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀sì Benin ti máa ń dúró jẹun. Dírẹ́bà tí orí ń fọ́, àgbẹ̀ tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ ní Ago Alaye, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sáré wá. Bí oògùn kan kò bá yẹ ọ́, kò ní tà á fún ọ, kódà kí o bú ìyá tó bí i.

Ìyẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi fi í ṣe kánsẹ́lọ̀. Ó ṣe é, kò jalè. Ni àwọn ará ìlú bá tún ní kó wá du ipò alága káńsù Odigbo. Iṣẹ́ aránṣọ lèmi ń ṣe. Ọjọ́ tí mo gbọ́, inú mi dùn débi pé mo rán apá bùbá oníbàárà mọ́ ọrùn.

Àṣé ẹnu ló fẹ́ ba tiwa jẹ́. Wọ́n pè é sórí rédíò, wọ́n bi í pé báwo ni òun, ọmọ àgbẹ̀ lásán-làsàn, ṣe dé ibi tó dé. Àbúrò mi fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní, "Oògùn ni! Oògùn ni mo fi kọ́lé, oògùn ni mo fi fẹ́yàwó, oògùn náà ni màá fi ṣèjọba."

Ẹ gbà mí o! Ọmọ tó kàwé tó báyìí! Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn alátakò ti gé ibẹ̀ nìkan, wọ́n ti tì í sórí Wọ́sáàpù. Ta ló tún fẹ́ gbọ́ pé oògùn ibà ló ń sọ? "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀! Oògùn abẹnugọ̀ngọ̀ ló fẹ́ fi jọba lé wa lórí!" Obìnrin kan tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kọ̀, kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ní kó ki ọwọ́ náà bàpò, kó máa gbé e kiri.

Ìlú Ajue ló dùn wá jù. Ìbò ibẹ̀ la gbójú lé, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n sì ń darí rẹ̀. Ìyá Oyin, olórí wọn, ránṣẹ́ pé àwọn kò ní dìbò fún olóògùn. Àfi kí Dèjì wá dúró níwájú ìjọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mi ò ní oògùn." Bí a bá pàdánù Ajue, a ti wọ gàù nìyẹn.

Benson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń darí ìpolongo, fò sókè. "Ìyẹn nìkan? Sọ ọ́, ká máa lọ sílé!" Èmi náà ní kó sọ ọ́. Dèjì dìde, ó bọ́ síta. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ kún dẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Oyin dìde, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ọmọ mi, à ń gbọ́ ọ."

Dèjì dọ̀bálẹ̀, ó dìde. Èdè Ìkálẹ̀ wa ló fi sọ̀rọ̀, kì í ṣe Yorùbá tó fi ń polongo. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun kò lè sọ ọ́.

Ariwo ta. Benson dorí mú. Mo fà á láṣọ látẹ̀yìn. "Dèjì, ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀." Ó kọjú sí wọn. "Ibà dá ìyá wa wó lóko. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n, ó wo èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí, ó ní, 'Ẹ má bínú, mi ò ní oògùn.' Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Lórí ọkadà ni ìyá wa kú sí, a ò tíì dé Ore. Gbólóhùn tí ẹ ní kí n sọ nìyẹn. Kí n má baà sọ ọ́ fún ọmọ ẹnikẹ́ni ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ yìí. Òun náà ni mo tìtorí ẹ̀ du ipò. Ẹ mú ìbò yín dání. Mi ò ní sọ ọ́."

Èmi tí mo gbé orí ìyá mi sáyà lórí ọkadà yẹn, mi ò lè gbójú sókè. Omijé ń dà lójú mi, orí mi sì ń wú.

Ìyá Oyin sún mọ́ ọn. Ó wá ní, "Bí o bá wọlé, ṣé wàá kó o wá?"

"Màá kó o wá, mà."

"Ti ibà?"

"Ti ibà, mà. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà."

Ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá, olóògùn la máa dìbò fún o." Àmín tí wọ́n ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù ìjọ.

Ó wọlé. Wọn ò tíì búra fún un pẹ́ tí èmi fi ẹsẹ̀ mi rìn dé ilé ìwòsàn tí kò dárúkọ yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ọmọbìnrin kan gbé ìyá rẹ̀ wọlé, ara ìyá náà ń gbóná, ó ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ó wà," ló wí. "Lọ bá wọn bu omi wá."