Ohùn Ni Mò Ń Gbọ́

Obìnrin kan wà tí gbogbo ará ilé wọn ń pè ní Ìbákà, bí ẹyẹ olórin nì, nítorí pé láti kékeré ni ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ń gbálẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Bó bá ń fọ abọ́, ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, àwọn ará ilé ní etí àwọn yóò wá sinmi díẹ̀. Irọ́ ni. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ló ń pe ìyá rẹ̀, tí yóò sì ro ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún un láti orí dé ìdí.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Òun àti obìnrin kan ni wọ́n jọ máa ń di igun aṣọ mú, tí wọ́n á fi í sẹ́nu ẹ̀rọ gbígbóná. Kó tó jáde ní òdì kejì, á ti nà gbọnrangandan. Gbogbo ìjà àti ẹ̀fẹ̀ ibi iṣẹ́ yìí ni Ìbákà ń rò fún ìyá rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pe ìyá náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta, nínú ariwo ẹ̀rọ yẹn ló sì ti tọ́ Ìbákà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà. Nínú ilé wọn, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ara rẹ̀ ni kò yá. Nígbà tí eegun wá ń dùn ún, Ìyá ta ẹ̀rọ náà, ó jókòó sílé.

Lórí fóònù, ìdáhùn Ìyá kì í gùn. "A dúpẹ́." "Ó dára bẹ́ẹ̀." "Bá mi kí wọn." Nígbà mìíràn, ìdáhùn náà á yà bàrá. Lọ́jọ́ tí Ìbákà sọ fún un pé ọ̀fìnkìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun, ohun tí Ìyá sọ ni pé, "Bá mi kí i dáadáa." Ìbákà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti retí títí, Ìbákà lóyún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà nílé, Bọ̀ọ̀dá Kápẹ́ńtà, ló lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ìyá. Wọ́n ní Ìyá jó yí àgbàlá po.

Oyún náà kò dúró. Ẹnu iṣẹ́ ni Ìbákà wà tí nǹkan fi yíwọ́. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló pa ẹ̀rọ, tó sì bá a dé ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, sáré bá a níbẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó kàn di bàtà ìyàwó rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan tó lè fọ́.

Nígbà tí Sọ́ńdè pé, Ìbákà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ, "oyún náà ti bàjẹ́."

"Áà, a dúpẹ́ o," ni Ìyá wí. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ṣeun."

Ìbákà rò pé etí òun ni. "Màámi, mo ní oyún ti bàjẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìdùnnú la ó máa gbọ́. Bá mi kí ọkọ ẹ."

Ìbákà pa fóònù.

"Kí ni Màmá wí?" ọkọ rẹ̀ bèèrè.

"Wọ́n ní àwọn dúpẹ́."

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kò pe ilé. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, kò pe. Bí Ìyá bá pè, á máa wo fóònù títí yóò fi dákẹ́. Ọkàn tó bá gbọgbẹ́, kò sí ohun tí kì í rò. Bóyá inú Màámi kò tiẹ̀ dùn sí oyún náà látilẹ̀. Bóyá ọmọ tó bá ti lọ sọ́nà jíjìn, wọn kì í ka ẹkún rẹ̀ sí ẹkún mọ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n bi í pé ta ló jí ahọ́n rẹ̀ gbé.

Bọ̀ọ̀dá Kápẹ́ńtà ló wá pè é.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni Màámi fi ṣe ọ́? Orí itan ni wọ́n ń gbé fóònù sí látàárọ̀ dalẹ́. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn mọ́."

Ìbákà bú sẹ́kún. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi," Bọ̀ọ̀dá wí. "Pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fi èyí tó máa dúró rọ́pò. Ṣùgbọ́n ohun tí o ní Màámi sọ yẹn, kò jọ Màámi. Màámi tó ń sunkún tí adìyẹ aládùúgbò bá kú?"

Kò dúró parí àga tó ń kàn. Ó gbọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Ìyá wà ní àgbàlá, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Bọ̀ọ̀dá kí i. Ìyá kò dáhùn. Ó tún kí i. Ó wá ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbàmù! Adìyẹ fò lọ. Ìyá kò mira. Ìgbà tí òjìji rẹ̀ bo àtẹ ni Ìyá gbójú sókè, tó rẹ́rìn-ín.

"Káàbọ̀. O ò tiẹ̀ kí èèyàn kí o tó wọlé."

Bọ̀ọ̀dá lóṣòó síwájú rẹ̀. "Màámi, ẹ ò gbọ́ràn mọ́ ni?"

"Ta ló ní mi ò gbọ́ràn?" Ó sọ ọ́ tìjàtìjà. Lẹ́yìn náà ló sorí kọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹnu yín ni mò ń wò. Fóònù ni kò ní ẹnu."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, àbúrò ẹ á ní kí lòun tún ń pè mí fún? Ẹ̀yin láá máa bá sọ̀rọ̀, á wá ní kí ẹ bá òun kí mi. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Á lọ sókè, á lọ sílẹ̀. Tó bá ti dákẹ́, mo mọ̀ pé ó kàn mí nìyẹn, mà á ní a dúpẹ́."

Bọ̀ọ̀dá rí i pé ọ̀rọ̀ oyún náà, ẹnu Ìbákà ló yẹ kí Ìyá ti gbọ́ ọ. Ó yọ fóònù tirẹ̀, èyí tó ń gbé àwòrán, ó pe Ìbákà, ó sì ṣàlàyé fún un.

"Wọn ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọn ò gbọ́."

Ìbákà fọwọ́ bo ẹnu. Bọ̀ọ̀dá gbé fóònù síwájú Ìyá.

"Ìyá mi," ni Ìyá wí, "o mà rù o. Kí ló dé?"

Ìbákà gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn. Ó wá tẹ́ wọn sílẹ̀ lófìfo, ó mirí.

Àtẹ ẹ̀wà dà nù lórí ẹsẹ̀ Ìyá.

"Yéè! Ọmọ mi! Irú ọ̀rọ̀ yìí lo sọ fún mi, tí mo wá ń dúpẹ́?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá lẹ fóònù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni pé ọmọ náà gan-an ló fara kàn. Àwọn méjèèjì sunkún. Nígbà tó yá, Ìyá nu ojú, ó gbé fóònù padà síwájú.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣé o gbọ́? Agbè ò fọ́."

"Mo gbọ́, Màámi."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kankan kò pa fóònù. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú iyẹ̀pẹ̀.

Wọ́n mú Ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ló ti ba etí rẹ̀ jẹ́, ó sì fún un ní ohun kékeré kan tí yóò máa fi sétí. Ìyá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ń pariwo, omi ń pariwo, ẹnu aládùúgbò ò tiẹ̀ ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán Sọ́ńdè, á fi sí i, á gbé fóònù tó ń gbé àwòrán tí Bọ̀ọ̀dá rà fún un ti ògiri, á sì jókòó ṣinṣin síwájú rẹ̀. Àwọn Sọ́ńdè kan wà tí Ìbákà kàn ń sunkún. Ìyá á jókòó tì í títí yóò fi sun ún tán.

Lọ́jọ́ kan, Ìbákà ń ro ẹjọ́ ọmọbìnrin tuntun kan níbi iṣẹ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di igun aṣọ mú. Ìyá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ lo jẹ̀bi. Ta ló kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó dé? O fẹ́ràn àtimáa ráhùn."

"Màámi! Ẹ ò tíì gbọ́ ìdajì!"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀!"

Wọ́n bá a débi tí ohùn àwọn méjèèjì fi ga. Ìbákà yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó ń wọlé bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o gbọ́ pé Màámi ń bá mi jà?"

"Mo gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Gbogbo àdúgbò ló gbọ́."